Ìbọn Dúdú Ilé Aránṣọ

Kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n ti wẹ òkú náà.

Ìsípẹ́kítọ̀ Adébọ̀wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo Bàbá Yésúfù Aránṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò dé ọrùn. Ó mí kanlẹ̀. Omi tí wọ́n dà sí bàbá náà lára ti gbé ìdajì ẹ̀rí lọ sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wí? Bẹ́yerúnkà ní Ìbàdàn ni a wà, ọjọ́ Jímọ̀ ni, agboolé tí wọ́n sì ti ń kírun kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó ni. Mùsùlùmí tó bá kú lọ́sàn-án níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó sin ín. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ́ sí, wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò pa wá lẹ́kún kí ìtàn yìí tó parí.

"Ta ló kọ́kọ́ rí wọn?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Èmi ni." Àlájì Misbaudeen ló dáhùn, àbúrò olóògbé, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. "Mo ti Jímọ̀ dé, mo ní kí n yà kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá wọn nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, orí wọn wà lórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì, ẹ̀jẹ̀ ti ń gbẹ. Mo rò pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn kò sì ṣeé gbára lé mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá."

"Ta ló wá pe ọlọ́pàá?"

Obìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú gbé orí sókè. Mujeebat ni, ọmọ olóògbé, tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Kò tíì sunkún rárá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì ń ba ni lẹ́rù jù.

"Èmi ni, sà. Èmi àti ọmọ mi lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti ń wẹ Bàbá. Mo gbójú sókè wo ògiri, mo rí i pé ìbọn kò sí níbẹ̀. Ni mo bá ní kò sẹ́ni tó máa sin bàbá mi àfi tí ọlọ́pàá bá dé."

Lókè ẹ̀rọ ìránṣọ olóògbé, ìṣó ńlá kan yọ orí lára ògiri. Àyè tí ìbọn náà ti fi kọ́ sí i láti ìgbà pípẹ́ funfun ju ìyókù ògiri lọ, èèyàn lè fi ọwọ́ tọ ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ lára ọ̀dà.

Ọmọbìnrin kan tó fara ti ilẹ̀kùn na fóònù sí Ìsípẹ́kítọ̀. Waliyat ni, ọmọ Mujeebat, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Yésúfù ní. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó rí bí ọmọdé, ètè rẹ̀ dúdú, tó bá sì sọ̀rọ̀ méjì á dúró kó mí kó tó sọ ẹ̀kẹta.

"Fọ́tò rẹ̀ nìyí, sà. Èmi ni mo yà á. Bàbá ní kí n yà á fún Bọ̀dá Jubril."

Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí bí èèyàn bá ṣe ń yìn ín. Ẹnu rẹ̀ gùn, igi ìdí rẹ̀ ti yọ̀ nítorí ọwọ́ àwọn tó ti dì í mú, gbogbo irin rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Bàbá tó bí Bàbá Yésúfù ni wọ́n fún un. Ó pọn òyìnbó kan tí ibà fẹ́ pa láti oko wọ Ìbàdàn, nígbà tí ara òyìnbó yá, ó bọ́ ìbọn ìbàdí rẹ̀ ó fi ṣe ọpẹ́. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó yìn ín. Ìsípẹ́kítọ̀ kò tilẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìyẹn.

"Kí ni Jubril fẹ́ fi fọ́tò ṣe?"

Mujeebat ló dáhùn. "Ihò wà lára ọkàn ọmọ yìí, sà, láti ìgbà tí mo ti bí i. Àwọn dókítà ní tí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún yìí, kí n má wulẹ̀ retí ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ abẹ yẹn kì í ṣe ohun tí ọṣẹ dúdú lè ṣe. Bàbá ló wo òkè, ó rí ìbọn, ó ní, 'Ẹni tó pọn òyìnbó ti gba owó iṣẹ́ abẹ ọmọ mi sílẹ̀ de mí.' Jubril ló ń ta ohun àtijọ́ ní ìsàlẹ̀ Mápó. Ó ní oníbàárà òun lókè òkun ti rí fọ́tò, owó tó sì fẹ́ san yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà, yóò tún ṣẹ́kù."

Ìsípẹ́kítọ̀ dá fóònù padà fún Waliyat. Ó ti rí ohun tó wà nílẹ̀ báyìí. Ẹni tó gbé ìbọn yẹn lọ, ẹ̀mí ọmọ yìí ló gbé lọ.

*

Àlájì Misbaudeen ló kọ́kọ́ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ ń fà á lórí ìbọn yìí, Bàbá."

"A fà á. Ohun tí baba wa gbé kọ́ sára ògiri, mo ní kò yẹ kó di ohun ọjà. Mo sọ ọ́ lójú wọn, mo tún sọ ọ́ níwájú ẹbí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá dákẹ́."

"Ẹ dákẹ́ lóòótọ́?"

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ̀yìn lèmọ́mù gan-an ni mo ti kírun lónìí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kánjú wẹ̀ wọ́n?"

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tó fi ń jẹun. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe òkú níbòmíràn?" Ojú rẹ̀ ṣàdédé kún fún omi. "Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ wọn ló yọ mí lẹ́nu. Dúdú kan wà lábẹ́ èékánná wọn, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ọwọ́ ọ̀hún sì ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún lọ fọwọ́ kàn? Àmì pupa kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ wọn ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn bá dì í mú, tó fà á."

"Ẹ kò rò pé ó yẹ kí ẹ sọ fún ẹnìkan?"

"Mo rò pé ti ọjọ́ ogbó ni. Ara àgbà, ohun gbogbo ló ń fi àmì sí i."

Ìsípẹ́kítọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Sájẹ́ǹtì Obed ti wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lábẹ́ òrùlé páànù, abọ́ kan wà tí eérú àti iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fún gbẹ wà kiri ilẹ̀. Àkísà agbádá kan, tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, dùbúlẹ̀ sórí àpótí, ó ti dúdú kọjá kí èèyàn mọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni búta alùwàlá olóògbé wà, ó ń dán débi pé Obed rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló máa ń fọ búta yìí?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ bi Waliyat, tó ti tẹ̀ lé wọn.

"Bàbá fúnra wọn ni, sà. Eérú àti ọsàn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Wọn kì í jẹ́ kí nǹkan wọn kankan dọ̀tí. Aṣọ tí wọ́n bá rán tán, wọn kò ní fi fún oníbàárà àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n tún lọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń ní iṣẹ́ tí kò bá dán, kò tíì parí."

"Ta ló ra ọsàn yìí?"

"Èmi ni. Lánàá, nígbà tí mo ń ti Òjé bọ̀. Wọ́n ní kí n ṣa èyí tó lómi dáadáa." Ó dúró, ó mí. "Mo rò pé àgbo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ṣé ó ní nǹkan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ni, sà?"

Ìsípẹ́kítọ̀ Adébọ̀wálé gbé àkísà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ọmọ náà lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọkàn rẹ̀ máa gbọgbẹ́ nínú ẹjọ́ yìí.

"Rárá," ni ó wí. "Lọ jókòó ti màmá rẹ."

Dókítà ọlọ́pàá wá wo òkú náà kí wọ́n tó gbé e sin ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní orí rẹ̀ ló fi gbá àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí ó má sọ ìyẹn fún Mujeebat.

*

Ṣọ́ọ̀bù Jubril kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn rédíò onípákó wà níbẹ̀, àtùpà òyìnbó, idà tó ti dípẹtà, aago ògiri tí kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Jubril fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn, ojú rẹ̀ ti wú. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ojú ọ̀nà Ìwó ni ọkọ̀ ti pa bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣì ń rá kòrò. Bàbá Yésúfù ló tọ́ ọ pẹ̀lú Mujeebat, ó sì fẹ́ kó di aránṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́. Ojú ni Ọlọ́run fún un. Ó máa ń mọ ohun tó pẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó gbó lásán.

"Bàbá mi ni, sà," ni ó wí. "Ẹni tó ṣe wọ́n báyìí, Ọlọ́run á mú un. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

"Ẹ lọ sílé wọn lánàá?"

"Rárá o. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, ibí ni mo ti kírun. Àárọ̀ òní ni mo ní lọ́kàn láti lọ wo ìbọn náà lójúkojú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé wọn, fọ́tò tí Waliyat fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù nìkan ni mo rí."

"Ẹ ṣé. Ohun tí mo bá wá nìyí: ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Bí olè bá gbé e, ibo ni yóò gbé e lọ tà? Mo fẹ́ rán èèyàn ṣọ́ ọjà, láti ibí dé Ògùnpa."

Jubril mi orí, kò gbójú sókè. "Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Kò sẹ́ni tó máa rà á. Ìbọn àtijọ́ tó bá ti ń dán bí ṣíbí tuntun, àwọn òyìnbó yẹn kì í fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀hẹ́n." Ìsípẹ́kítọ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn aago, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Òórùn kí ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìn yìí?"

"Àdí ni. Mo fi ń pa igi rédíò kí ikán má jẹ ẹ́."

"Ó dàbí pé ó ń jóná."

"Ìyàwó mi ń dáná ni, sà."

Wọ́n dágbére. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí Obed lọ gba ìwé àṣẹ ìtúlé ní kíá.

"Ilé ta ni a fẹ́ tú, ọ̀gá? Ti Àlájì?"

"Gba ìwé ná, Obed."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Obed ti gbé ìbọn náà wọ ọ́fíìsì nínú àpò ìrẹsì. Ibi tó ti rí i, ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́.

*

Ìyáàfin Clara ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kò sì sí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n rí ní apá Ìbàdàn tí wọn kì í gbé lọ bá a. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti yà lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ àdúrà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ìbọn náà sábẹ́ iná, ó fi gíláàsì wo abẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ èyí," ni ó wí. "Ó ti lé ní àádóje ọdún. Ẹ wo àmì alágbẹ̀dẹ rẹ̀ níhìn-ín, ẹ wo òǹkà rẹ̀ lábẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi yọ́ ihò ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé, èyí tí a sì mọ ìtàn bó ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ìyẹn tún wọ́n jù." Ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu rẹ̀. Èéfín àti àdí bá aṣọ náà lọ, irin funfun sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà dúró. "Háà. Ta ló ha á lára báyìí?"

Ìsípẹ́kítọ̀ fi fọ́tò hàn án.

Ó wo fọ́tò, ó wo ìbọn, ó tún wo fọ́tò. "Tó bá jẹ́ pé bó ṣe wà nínú èyí lẹ gbé e wá, owó tí ẹ ní oníbàárà dá lé e yẹn tọ́ sí i, ó tilẹ̀ kéré. Dúdú tí ẹ rí yìí kì í ṣe ìdọ̀tí, Ọ̀gá. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Òun ni àwọn tó ń rà á ń rà. Orúkọ òyìnbó náà wà níbí, wọ́n fi ṣónṣó irin kọ ọ́, iyanrìn ti jẹ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn, bóyá ni. Ta ló ṣe é?"

"Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni," ni Ìsípẹ́kítọ̀ dáhùn. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹjọ́. "Ṣé ó lè dúdú padà?"

"Bí wọ́n bá gbé e kọ́ sára ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, á dúdú. Tó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún sí i."

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹta. Nígbà tí àwọn aláàfáà túká, Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí Mujeebat, Àlájì Misbaudeen àti Jubril dúró nínú yàrá olóògbé. Ó bẹ Mujeebat kó rán Waliyat lọ sílé ará àdúgbò. Obed dúró ti ilẹ̀kùn. Ìsípẹ́kítọ̀ gbé ìbọn náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ṣí aṣọ lórí rẹ̀.

Mujeebat wò ó, kò dá a mọ̀. "Kí nìyí?"

"Ìbọn ilé yín ni. Bàbá yín ló mú un dán. Aránṣọ ni wọ́n, wọn kò gbé aṣọ tí wọn kò lọ̀ fún oníbàárà rí. Wọ́n gbọ́ pé oníbàárà ńlá ń bọ̀, wọ́n fi eérú àti iyanrìn ha ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Dúdú tí Àlájì fọ̀ tí kò lọ, òun ni. Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ẹ ti lọ ọsibítù. Àlájì kò mọ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀. Gbogbo ayé, dúdú ni wọ́n mọ ìbọn yìí sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún mi pé ó ń dán."

Ó yíjú sí Jubril.

"Fọ́tò nìkan lo ní o rí, Jubril. Nínú fọ́tò, ó dúdú. Níbo lo ti rí i tó ń dán bí ṣíbí tuntun? Ẹni tó wọ yàrá yìí lẹ́yìn tí Bàbá ti fọ̀ ọ́ tán, kí Àlájì tó dé, òun nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ òórùn àdí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ. Òkè ààrò ìyàwó rẹ ni Obed ti bá ìbọn náà, o fi àdí pa á, o gbé e kọ́ sínú èéfín bí ẹja. O fẹ́ sọ ọ́ di arúgbó padà."

Jubril wo Mujeebat, ó sì rọra kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò wá jalè. Ẹ gbọ́ mi. Oníbàárà ló ní kí n tètè fi fídíò rẹ̀ hàn òun, mo ní kí n sáré wá kí Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wọlé. Wọ́n gbé e sọ́wọ́ mi, wọ́n ní, 'Jubril, wò ó, ṣé o rí iṣẹ́ àgbà?' Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún. Mo ní, Bàbá, ohun tí ẹ nù kúrò yẹn ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n ní irọ́ ni, mo fẹ́ rẹ́ wọn jẹ ni. Wọ́n ní, 'Mo tọ́ ọ, o wá di olè sí mi lọ́rùn.' Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí, àǹtí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ, bóyá mo lè tún un ṣe. Wọn kò fi í sílẹ̀. Mo fà á. Ọwọ́ wọn yọ̀."

"Ṣé wọ́n ti kú nígbà tí o fi lọ?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè. Ó mọ èsì, iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kó béèrè.

Jubril dojú bolẹ̀. "Wọ́n ṣì ń mí. Wọ́n ní, 'Lọ pe Mujeebat.' Ẹ̀rù bà mí. Mo sá."

Ẹkún tí Mujeebat kò sun láti ọjọ́ Jímọ̀ wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lù ú, kò gbé e ṣépè. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. "O kò pè mí. Jubril, o kò pè mí." Bóyá wọ́n ì bá gbà á là, bóyá wọn kì bá gbà á, kò sẹ́ni tó mọ̀, ìyẹn ni Mujeebat yóò sì máa bá sùn títí ayé rẹ̀. Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, n kò mọ irú ẹ̀wọ̀n tó lè tó ìyẹn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ohùn lẹ́yìn Obed.

"Ṣé ọsàn tí mo rà ni Bàbá fi fọ̀ ọ́?"

Waliyat ni. Kò lọ sílé ará àdúgbò. Ó ti dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àlájì Misbaudeen ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fà á mọ́ra. "Má sọ bẹ́ẹ̀, Wàlì. Kò sẹ́ni tó ra ọsàn tó ṣẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má tà á. Ká ní a kò fà á ni, ǹ bá ti jókòó tì wọ́n láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn."

Obed mú Jubril jáde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Waliyat láìgbójú sókè. Ọmọ náà wò ó títí ó fi rékọjá àgbàlá, lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi ìka kan kan ẹnu ìbọn náà.

Ìsípẹ́kítọ̀ ti gbé fìlà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó ti mú ẹni tó ṣẹ̀, ó ti sọ bó ṣe mọ̀. Láti ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìgbà yẹn ló máa ń lọ sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Waliyat mí. "Tí kóòtù bá lò ó tán, ṣé wọ́n á dá a padà fún wa?"

"Wọ́n á dá a padà."

"Tí a bá gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tí a kò fọwọ́ kàn án mọ́, ṣé á dúdú padà?"

"Á dúdú."

"Ṣé á pẹ́?"

Mujeebat gbójú sókè nínú omijé, ó wo Ìsípẹ́kítọ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ Adébọ̀wálé, tó ti parọ́ fún ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ọsàn, yí fìlà náà lọ́wọ́.

"Kò ní pẹ́, ọmọ mi," ni ó wí.

Waliyat mi orí. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ àgbà, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì dojú kọ ìṣó tó wà lára ògiri. Ó ní kò burú, òun á dúró dè é.